Omi bọ́hòlù ń tán lóko ẹ̀ẹ̀rùn: báwo la ṣe lè mú kí àgbẹ̀ dín èyí tí wọ́n ń fà kù?

Poro_Ìsẹ́yìn béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa bíbomi rin oko lẹ́ẹ̀rùn ni mo ń bẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀ éékà méjì ni, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Àgbẹ̀ mẹ́jọ ló pín in, ìdámẹ́rin éékà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tòmáàtì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ata rodo àti tẹ̀tẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Bọ́hòlù mẹ́rin ló wà, èèyàn méjì méjì ló ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sólà ló ń gbé pọ́ǹpù méjì, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé méjì yòókù. Inú poro ni wọ́n ń da omi gbà. Látìgbà tí òjò bá ti dá títí dé ìparí oṣù kìíní, kò sí wàhálà. Tí oṣù kejì bá ti wọlé, omi á di ẹlẹ́rẹ̀, tó bá sì fi máa di aago kan ọ̀sán, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà. Wọ́n ti kéde ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì pé kí kálukú dín omi kù. Kò sẹ́ni tó dín in kù. Ohun tí wọ́n ń sọ náà sì yé mi: bí Lágbájá bá dín tiẹ̀ kù, Tàmẹ̀dù á fà á.

Omi mélòó ló tó fún ìdámẹ́rin éékà gan-an? Ṣé rọ́bà dríìpù (rọ́bà oníhò tó ń kán omi sídìí irè díẹ̀díẹ̀) tó owó tí wọ́n ń dá lé e? Òfin wo ni ẹgbẹ́ lè ṣe tí kò ní dìjà? Àwọn kan sì ti ń dá owó láti gbẹ́ bọ́hòlù karùn-ún, ṣé ìyẹn ni ọ̀nà àbáyọ? Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ni mo fẹ́.

Awọnmi fèsì:

Poro, ẹ má tún kéde mọ́. Àgbẹ̀ tí kò mọ iye omi tó ń fà, kí ló fẹ́ dín kù nínú rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́n ná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu páìpù. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 síbẹ̀, kí ẹnì kan fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ṣe é ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí pọ́ǹpù sólà kì í pọn iye kan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 30, lítà 50 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, lítà 3,000 ní wákàtí kan. 3,000 yẹn ni mo máa fi ṣírò nísàlẹ̀ yìí. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ó wá kan ohun tí irè nílò. Bí omi bá ga ní mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, lítà kan ni. Ìdámẹ́rin éékà, ẹ kà á sí ilẹ̀ mítà 25 sí mítà 40. Mìlímítà kan lórí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 1,000. Lẹ́ẹ̀rùn lágbègbè yín, oòrùn àti ọyẹ́ ń gba nǹkan bíi mìlímítà 5 lójúmọ́ lára ilẹ̀ àti ewé. Tòmáàtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní nọ́sìrì kò lè mu tó bẹ́ẹ̀, ewé rẹ̀ kò tíì tó nǹkan: mìlímítà 3 ti tó o. Tó bá ti bo ebè tó sì ń so, á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un ní 6. Èyí já sí lítà 3,000 lójúmọ́ nínú oṣù àkọ́kọ́, àti 6,000 nígbà èso.

Ṣùgbọ́n poro kì í gbé gbogbo omi dé ìdí irè. Òmíràn rì sílẹ̀ kó tó dé òpin poro, òmíràn sì wọlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò dé. Poro tí wọ́n bá gbẹ́ dáadáa, tí kò dagun jù, ẹ retí pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún omi ló máa dé ibi tó yẹ. Nítorí náà, ẹni tó ń lo poro á fa lítà 5,000 lójúmọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, àti 10,000 nígbà èso. Lórí pọ́ǹpù yín, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 ni èkínní, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 20 ni èkejì.

Ibi tí omi ń ṣòfò sí rèé. Àgbẹ̀ méjì ló ń pín pọ́ǹpù kan, wọ́n sì sábà máa ń pín ọjọ́ sí méjì ọgbọọgba: wákàtí mẹ́ta àbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, látọjọ́ tí wọ́n ti gbin irúgbìn títí wọn ó fi ká a tán. Lítà 10,500 nìyẹn lójúmọ́ fún irúgbìn tó nílò 5,000. Omi tó yẹ kó kù nílẹ̀ de oṣù kejì, oṣù kọkànlá ni wọ́n ti fà á dànù. Kò sẹ́ni tó ya ọ̀lẹ tàbí olè níbẹ̀, aago ni wọ́n ń pín, wọn ò pín omi.

Nǹkan tó kù, tí mo gbà pé ó ń yí ọkàn àgbẹ̀ padà ju ìwàásù lọ, ni kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi dúró sí nínú bọ́hòlù. Ẹ ti páìpù PVC ínṣì 3/4 bọ inú bọ́hòlù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó ń gbé omi bọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ní mítà méjì sókè pọ́ǹpù. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí mítà tó kẹ́yìn. Inú páìpù yìí ni téèpù á máa gbà. Ẹni tó bá ju téèpù sínú bọ́hòlù lásán, wáyà pọ́ǹpù á wé mọ́ ọn, á sì di pé wọ́n ń hú gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ so bóòtù irin kan mọ́ orí téèpù kó lè wúwo, kí ẹ fi ẹfun kun mítà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí téèpù á fi ka mítà 18 lẹ́nu páìpù, kẹ́ ẹ wá fà á jáde. Ibi tí ẹfun ti tutù máa ń ṣú, ojú ìlà rẹ̀ máa ń gún régé. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ló tutù, omi wà ní mítà 17 àti sẹ̀ǹtímítà 60 sísàlẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní kùtùkùtù kí pọ́ǹpù kankan tó dún, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ilé pọ́ǹpù níbi tí gbogbo ojú á ti rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò ní sí ẹni tó máa bi yín ìdí tí ẹ fi ní kí wọ́n dín omi kù.

Onírọ́bà fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Awọnmi ti parí ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sórí dríìpù. Lórí ilẹ̀ mítà 25 sí 40 yẹn, ẹ na páìpù ńlá kan (ínṣì kan àbọ̀ tàbí méjì) gba ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ mítà 40. Láti ara rẹ̀ ni rọ́bà mìlímítà 16 á ti máa jáde, ọ̀kan fún ebè kọ̀ọ̀kan, mítà kan sí ara wọn, mítà 25 ní gígùn. Ìlà 40 ni, rọ́bà mítà 1,000. Tí ihò rẹ̀ bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 30, ihò bíi 3,300 nìyẹn. Lórí táǹkì tí wọ́n gbé sókè ní mítà méjì, ihò kọ̀ọ̀kan á máa kán bíi lítà kan ní wákàtí. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí pọ́ǹpù lítà 3,000 lè pèsè lọ, nítorí náà ẹ pín ìlà 40 sí méjì, fáàfù kan fún ogún ogún. Omi tí tòmáàtì nílò nígbà èso, tẹ́ ẹ bá fi dríìpù gbé e, kò ju bíi lítà 6,700 lọ dípò 10,000. Wákàtí méjì fún apá kọ̀ọ̀kan, ó parí.

Ẹ má na rọ́bà kọjá mítà 25 sí 30 lórí táǹkì tó ga ní mítà méjì. Àwọn kan máa ń nà án dé mítà 60 kí wọ́n lè dín páìpù ńlá kù. Tòmáàtì tó wà nítòsí páìpù á yó, èyí tó wà lópin á máa fajú ro, àgbẹ̀ á wá ṣí omi pẹ́ títí ẹni ìkẹyìn á fi mu. Níbẹ̀ ni èrè dríìpù ti sọnù.

Ohun tó ń pa dríìpù lágbègbè yín kì í sábà jẹ́ eku tàbí ọkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ń gé e. Irin inú omi ni. Ẹ bu omi bọ́hòlù sínú ike funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá mọ́ gaara lánàá tó wá pupa bí omi yangí lónìí, tí nǹkan bíi ẹrẹ̀ osùn sì rọ̀ sísàlẹ̀, irin nìyẹn, ihò dríìpù ló sì máa di. Ẹ jẹ́ kí omi máa já láti òkè bọ́ sínú táǹkì nípasẹ̀ páìpù tẹ́ ẹ lu ní ihò púpọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gbá a, kó sì sinmi di ọjọ́ kejì. Ẹnu tó ń gbé omi lọ sóko gbọ́dọ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìdí táǹkì, kí ẹrẹ̀ náà má bàa bá a lọ. Lẹ́yìn táǹkì, ẹ fi asẹ́ oníkẹ̀kẹ́ (disc filter) sí i, tó jẹ́ 120 mesh, ìyẹn ni pé ihò 120 ló wà nínú ínṣì kan asẹ́ náà. Ẹ máa tú u fọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, ẹ tú òpin rọ́bà kọ̀ọ̀kan, kí omi ṣàn jáde títí á fi mọ́, bíi ìṣẹ́jú kan sí méjì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń kán dọ́gba: ẹ gbé ife ike mẹ́rìndínlógún sábẹ́ ihò mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin nítòsí páìpù, mẹ́rin lópin, mẹ́jọ láàárín. Ìṣẹ́jú 15. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ mọ iye tí ife kan gbà ní ìpíndọ́gba. Kẹ́ ẹ tún ṣe ìpíndọ́gba ife mẹ́rin tó gba omi kéré jù, kẹ́ ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín in. Bó bá wọ 0.85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Bó bá wà nísàlẹ̀ 0.70, asẹ́ tàbí gígùn rọ́bà lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ má fi wákàtí kún wákàtí.

Àti pé tẹ́ ẹ bá ń fi ajílẹ̀ gba inú rọ́bà, ẹ má pa calcium nitrate pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú táǹkì kan náà. Wọ́n máa di bíi ẹfun, ó sì parí fún rọ́bà yẹn.

AbẹÀpáta fèsì:

Gbogbo ohun tí Onírọ́bà sọ nípa rọ́bà, òótọ́ ni. Ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ ni pé dríìpù máa dín omi kù fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí omi rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ìdámẹ́rin éékà, tó wá rí i pé omi kan náà ti tó ìdámẹ́ta báyìí, á gbin ìdámẹ́ta. Bọ́hòlù kò mọ̀ pé dríìpù wà lókè, ohun tí wọ́n fà lára rẹ̀ ló mọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ìjọba ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti ra irinṣẹ́ ìbomirin tó ń fi omi sílẹ̀ nítòsí ewé dípò kó máa fọ́n ọn sókè. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣe ìwádìí rẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń fà ti pọ̀ sí i ni, torí wọ́n ti lọ gbin ohun tó ń mu omi jù. Bákan náà, omi tó ń rì kọjá gbòǹgbò nínú poro kì í fi gbogbo ìgbà ṣòfò, apá kan rẹ̀ ń padà sínú ilẹ̀ tẹ́ ẹ tún ń fà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ so dríìpù mọ́ òfin: ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ sí i.

Kansas kan náà ló ní àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, lórí omi abẹ́ ilẹ̀ Ogallala, àwọn àgbẹ̀ àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Sheridan 6 ló fúnra wọn dá a lábàá pé kí wọ́n fi ààlà sí omi. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013: omi tó ga ní ínṣì 55 lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń bomi rin, fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú èròńgbà láti dín omi kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni fa ínṣì 11 lọ́dọọdún dandan. Ọdún tí ọ̀dá bá mú, kí ó fà jù bẹ́ẹ̀. Ọdún tí òjò bá rọ̀, kí ó dín in kù. Mítà omi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka iye omi tó kọjá, ti wà lára gbogbo kànga wọn tẹ́lẹ̀, kò sí pé ta ló ń purọ́. Ohun tí wọ́n fà kéré sí ààlà tí wọ́n fúnra wọn fi lélẹ̀. Àgbàdo dín kù, ọkà bàbà àti àlìkámà pọ̀ sí i, irè éékà kan lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi pamọ́ lórí omi àti ajílẹ̀ kò jẹ́ kí èrè wọn fọ́. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, wọ́n tún un ṣe.

Tẹ́ ẹ bá gbé e wá sóko yín: tòmáàtì ọjọ́ 110 nílò bíi mìlímítà 500 látòkèdélẹ̀, ìyẹn lítà 500,000 fún ìdámẹ́rin éékà. Bí wọ́n bá ń fà 10,500 lójúmọ́, 1,155,000 ni wọ́n ń fà. Ẹ fi ààlà sí 900,000 ní sáà àkọ́kọ́. Ó jẹ́ ìdínkù bíi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, poro tó dára lè yege nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì lo dríìpù á ṣẹ́kù púpọ̀. Mítà omi máa ń fi m³ kà, lítà 1,000 ni m³ kan, nítorí náà 900 ni nọ́ńbà tí gbogbo yín á máa sọ. Àpapọ̀ sáà ni o, kì í ṣe ti ojúmọ́. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá le, kí wọ́n fà.

Ẹ nílò mítà omi mẹ́jọ, oní-ínṣì kan, ọ̀kan lórí páìpù àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ibi tí páìpù ti pín sí méjì. Páìpù tó wà níwájú mítà gbọ́dọ̀ lọ tààrà fún sẹ̀ǹtímítà 25, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún 13, láìsí oríkèé páìpù (elbow) tàbí fáàfù láàárín. Ẹ fi asẹ́ sáájú rẹ̀ torí iyanrìn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí páìpù gòkè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè máa kún. Mítà tó bá wà lórí páìpù tí kò kún á máa ka afẹ́fẹ́ mọ́ omi, ìjà dé nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí àgbẹ̀ méjì tí kò jọ ń lo bọ́hòlù kan náà lọ ya fọ́tò mítà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí wọ́n fi í sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹni tó bá kọjá 900 á san owó fún m³ kọ̀ọ̀kan, kí owó náà ga ju epo tó fi fà á lọ. Nígbà tí sáà bá parí, ẹ pín àpò yẹn fún àwọn tó ṣẹ́ omi kù, bí oníkálukú ṣe ṣẹ́ ẹ kù tó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ìṣẹ́kù lè ta á fún aládùúgbò rẹ̀. Èyí ni ìdáhùn sí Lágbájá àti Tàmẹ̀dù: bí Tàmẹ̀dù bá fà á, á sanwó fún Lágbájá.

Ọjọ́ ìgbìn tún wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí tòmáàtì kúrò ní nọ́sìrì ní àárín oṣù kẹwàá, ìdí òjò á bá yín bomi rin ín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbà tó ń mu jù á bọ́ sí oṣù kejìlá àti oṣù kìíní nígbà tí bọ́hòlù ṣì ga, ẹ ó sì ti ká a tán kí oṣù kejì tó mú yín. Àrùn ewé máa ń yọni lẹ́nu ní oṣù kẹwàá, ẹ ti ń fi ọ̀pá gbé e dúró látìbẹ̀rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Punjab ní Íńdíà ṣe òfin irú èyí ní 2009, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìrẹsì gbìn kí ọjọ́ 10 oṣù kẹfà tó pé, torí kí wọ́n má fi omi abẹ́ ilẹ̀ bọ́ ọ nígbà tí oòrùn le jù. Àwọn kan ní ó dín omi tí wọ́n ń fà kù. Ṣùgbọ́n ìkórè náà sún síwájú, àwọn àgbẹ̀ wá ń sun pòròpórò wọn ní ìgbà tí afẹ́fẹ́ kì í gbé èéfín lọ, Delhi, olú ìlú wọn, ló ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá yí ọjọ́ ìgbìn padà, kó wo ohun tó máa bá a yí.

Poro_Ìsẹ́yìn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. 900 yẹn yé mi dáadáa. Ìṣòro méjì ló kù. Ti sólà kò níye lórí lójú wọn, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni oòrùn, kí ló dé tí wọn ó fi pa á? Àwọn bàbá kan sì wà tó jẹ́ pé bí ewé bá ti pọ́n báyìí, omi ni wọ́n máa ń dà sí i. Bí wọ́n bá rí tòmáàtì tó rọ lọ́sàn-án, ọkàn wọn á já. Ta ló lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má bomi rin ín?

Ewé_Tẹ̀tẹ̀ fèsì:

Ẹ má sọ fún bàbá kankan pé kó má bomi rin. Ẹ bá a lọ sí oko ní aago méje àárọ̀. Tòmáàtì tó rọ ní aago méjì ọ̀sán tó sì nà ró ní ìrọ̀lẹ́, ooru ló mú un, ilẹ̀ rẹ̀ lè tutù dáadáa. Èyí tó ṣì rọ ní aago méje àárọ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ. (Bí ilẹ̀ bá tutù tó sì tún rọ láàárọ̀, gbòǹgbò ló ti ń jẹrà, omi ló máa pa á pátápátá.)

Kó tó ṣí omi, kó fi àdá wa ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20, nítòsí gbòǹgbò, kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ ihò náà, kó fún un. Bí omi bá yọ láàárín ìka, ó ti pọ̀ jù. Bó bá di òkìtì bí òkèlè tó sì fi ọ̀rinrin sílẹ̀ látẹ́lẹwọ́, kó máa lọ sílé, ó di ọ̀la tàbí ọ̀túnla. Bí òkèlè náà bá fọ́ nígbà tó jù ú sókè díẹ̀ tó hán an, kó bomi rin ín lónìí. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í di òkèlè dáadáa, ẹ máa fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní omi díẹ̀díẹ̀ ní lemọ́lemọ́, ẹ má da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan.

Ewé tó pọ́n ńkọ́? Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, náítírójìn ló tán. Ta ló sì kó o lọ? Omi náà ni. Yùríà tí wọ́n wọ́n sídìí irè, kò pẹ́ tó fi máa di ohun tó ń yòrò bí iyọ̀, omi tó bá pọ̀ jù á sì gbé e rì kọjá gbòǹgbò. Àgbẹ̀ á rí ewé tó pọ́n, á da omi sí i, yóò tún fọ ìyókù lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí bàbá gbọ́, owó ajílẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá a sọ, ẹ fi ti omi sílẹ̀. Ẹ lo ebè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ajílẹ̀ kan náà, irúgbìn kan náà. Bàbá á bomi rin tiẹ̀ lójoojúmọ́ bó ṣe ń ṣe, ìkejì á dúró de òkèlè. Kí òun fúnra rẹ̀ máa bomi rin méjèèjì. Ẹ ka agbọ̀n tó bá jáde. Ní Tanzania, Zimbabwe àti Mozambique, iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ló fi ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní Chameleon sínú ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké: iná búlúù bí ilẹ̀ bá tutù, àwọ̀ ewéko bó bá tó, pupa bó bá gbẹ. Wọn ò fòfin mú ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbẹ̀ rí i pé iná búlúù ń tàn lọ́jọ́ tí wọ́n rò pé ilẹ̀ ti gbẹ, wọ́n sì fúnra wọn jẹ́ kí ọjọ́ tó wà láàárín omi àti omi jìnnà síra. Irè wọn sì pọ̀ sí i.

Ẹ tún fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo ìrẹsì bo ebè, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kí ẹ ṣẹ́ ìka mẹ́ta sílẹ̀ láyìíká igi tòmáàtì kó má bàa jẹrà. Ẹ gé koríko náà kó tó so hóró. Ikán fẹ́ràn rẹ̀, ẹ máa ṣí i wò.

AbẹÀpáta fèsì:

Ti sólà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, wákàtí tó kẹ́yìn kò ná wọn ní kọ́bọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó máa sọ fún wọn pé ó tó. Ní Punjab, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbẹ̀ ní iná mànàmáná ọ̀fẹ́ ní 1997, ẹ ti rí ibi tó gbé omi wọn dé nínú òfin ìrẹsì tí mo sọ yẹn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ tún un ṣe ní 2018, wọn ò gba ọ̀fẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n yàn iye iná kan fún àgbẹ̀ tó bá fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń san rupee (owó Íńdíà) mẹ́rin fún un lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan tí kò bá lò. Ní abúlé Dhundi ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ní Íńdíà kan náà, àwọn àgbẹ̀ onísólà kóra jọ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń ta iná tó ṣẹ́kù fún iléeṣẹ́ mànàmáná. Oòrùn tí ì bá fa omi dànù ti wá di owó.

Bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí ẹni ta iná fún ní Ìsẹ́yìn, ẹ lè wá iṣẹ́ míràn fún páńẹ́ẹ̀lì náà lẹ́yìn tí táǹkì bá kún: chájì fóònù, ẹ̀rọ ata kékeré, fáànù tó ń gbẹ tòmáàtì. Kí onímọ̀ iná fi súwíìṣì sí i tó ń yí iná kúrò lára pọ́ǹpù, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá páńẹ́ẹ̀lì yín lè gbé e. Ẹ fi fúlóòtì (ohun tó ń léfòó lórí omi) sínú táǹkì kó máa pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ tó bá kún, kẹ́ ẹ sì fi wáyà tó ń mọ̀ bí omi bá lọ sílẹ̀ sínú bọ́hòlù. Omi ló ń tu pọ́ǹpù abẹ́ omi lára. Èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ ní aago kan ọ̀sán kò ní pẹ́ jóná.

Awọnmi fèsì:

Ẹ ò tíì dáhùn ti bọ́hòlù karùn-ún. Òkè-Ògùn wà lórí àpáta. Inú apá òkè tó ti jẹrà di yangí àti amọ̀, àti inú ojú sísán àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀, ni omi wà. Bẹ́ ẹ bá jìn kọjá ibẹ̀, òkúta gbọingbọin lẹ máa bá, owó á lọ, omi kò ní wá. Ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ ń rí yẹn sì jẹ́ àmì pé wọ́n ti ń fa omi ju bó ṣe ń wọlé lọ, ó ń fa iyẹ̀pẹ̀ wá dí ojú ihò páìpù abẹ́ ilẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó náà, ẹ ṣe èyí. Ẹ pa gbogbo pọ́ǹpù fún ọjọ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi téèpù ẹlẹ́fun wọn bọ́hòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá tan ọ̀kan péré, kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa wọn mẹ́ta yòókù ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Bí omi inú aládùúgbò rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù tirẹ̀ kò dún, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu omi, bọ́hòlù karùn-ún tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́ sáàárín wọn, inú ìkòkò yẹn ni yóò ti bu tiẹ̀. Owó yẹn á ra mítà omi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, á sì tún ṣẹ́kù.